Ọ̀rọ̀ Tí Séverin Sọ Nílé Súbérù

Ọdún kejì tí a gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé ni Àsíátù, tó ń ta gàrí ní Sakété, mú Ràúdátù ọmọ rẹ̀ lọ sí Pobè, láti wá ibi tí ọmọ náà yóò máa gbé lọ sí iléèwé. Ilé Súbérù, ìbátan ọkọ rẹ̀, ló ti fi sọ́kàn: páànù lórí, sìmẹ́ǹtì lára. Séverin, ọmọ ìlú Takon tó kàwé ní Ìlaròó tó sì ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì níléèwé náà, ló sìn wọ́n lọ.

Súbérù fún wọn lóbì. Nígbà tó ṣí yàrá ẹ̀yìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sùn, Séverin wo inú rẹ̀, ó rọra ní, "Squalid." Súbérù gbọ́ Faransé, ó gbọ́ Gùn, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé wọ́n ń yin ilé òun ni.

Lójú ọ̀nà, Àsíátù bi Séverin ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà.

"Ìyá mi, obì Súbérù ṣì wà lẹ́nu mi."

"Gbé e mì, kí o sọ ọ́."

Séverin ní ibùgbé ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ náà júwe. Ìdọ̀tí wà nínú ìtumọ̀ rẹ̀, òṣì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó so méjèèjì pọ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ń bójú tó ibẹ̀ mọ́.

"Ilé tálákà nìyẹn?"

"Tálákà tó ń gbálẹ̀ ilé rẹ̀, kò kàn án. Olówó tó pa ilé tì, ó lè kàn án."

Àsíátù dúró. Ó ti rí ẹní jíjẹrà nínú yàrá ẹ̀yìn Súbérù, ó ti gbóòórùn ìtọ̀ ewúrẹ́, àmọ́ sìmẹ́ǹtì ti bo gbogbo rẹ̀ mọ́ ọn lójú. Báwo ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì tí kò dé Pobè rí ṣe mọ yàrá yẹn, tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ kí a tó bí Súbérù? Orí rẹ̀ wú.

Wọ́n yà sílé Berthe, opó kan lọ́nà Issaba. Koríko ló fi bolé, ṣùgbọ́n ó ti pa ilẹ̀ yàrá títí ó fi ń dán, ó ká ẹní, ó dé ìkòkò omi.

Ràúdátù sọ sétí ìyá rẹ̀ pé, "Ṣé ọ̀rọ̀ yẹn kan ibí náà?"

"Rárá. Ibí lo máa gbé." Bí Súbérù bá fẹ́ bínú, kó bínú.

Nígbà tí Àsíátù padà dé Sakété, ó wọ àtíbàbà rẹ̀ tí wọ́n ti ń yan gàrí. Èèpo ẹ̀gẹ́ ti rà ní igun kan, omi rẹ̀ ń ṣàn lọ síbi tí àwọn ọmọbìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń tẹ́ ẹní sí. Ojoojúmọ́ ló ń kọjá níbẹ̀.

"Sikuọ́lìdì," ló wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń pe orúkọ àlejò tó ti dé ilé ṣáájú onílé.

Ó ká ìró sókè, ó mú ìgbálẹ̀.