Kókó Bàbá Wàhábì

Ẹ bá mi wo Wàhábì o! Láti ìgbà ọ̀dọ́ ló ti ń yẹ kókó wò ní Warehouse Road, l'Ápàpá. Tó bá ti ki ọwọ́ bọ inú àpò báyìí, á sọ fún ọ bóyá ó gbẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ Ajégúnlẹ̀ paraku ni, kò gbin kókó rí láyé ẹ̀.

Nígbà tí ìjì wó igi kan ṣoṣo tó kù nínú kókó bàbá wọn l'óko, ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Rekiat, ká odidi kókó mẹ́ta tó wà lórí ẹ̀, ó fi rán awakọ̀ tó ń bọ̀ l'Ápàpá. Ó wá pe Wàhábì.

"Tèmítọ́lá ọmọ mi á wá gbà á lọ́wọ́ ẹ níparí oṣù. Oríṣiríṣi kókó àtijọ́ ni wọ́n ń kó jọ níbi iṣẹ́ wọn, kó má baà parun. Àrùn tó ń pa kókó tuntun ò mú tiwa yìí rí. Irúgbìn ni o! Má jẹ́ kó bàjẹ́."

Kókó kẹ̀? Kó bàjẹ́ lọ́wọ́ Wàhábì? Ó fún Nneka, ará ilé ẹ̀ tí kò rí kókó tútù rí, ní ọ̀kan. Ó fọ́ méjì tó kù, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo kóró inú wọn fún ọjọ́ mélòó kan, ó sì sá wọn sórí páànù títí wọ́n fi ń dún pàkàpàkà. Àbí àgbàdo kọ́ là ń sá ká tó gbìn ín?

Tèmítọ́lá dé, Wàhábì gbé abọ́ jáde bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ojú ọmọbìnrin náà yí padà.

"Ànkù, ẹ sá a?"

"Ó gbẹ dáadáa!"

"Ó ti kú nìyẹn, Ànkù. Tútù la ń gbin kókó. Tó bá ti gbẹ, kò lè hù mọ́."

Yéè! Wàhábì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi pa igi bàbá ẹ̀. Ó sunkún, kò tiẹ̀ tijú.

Nneka tó ń fọṣọ nítòsí gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. "Oga Wahab, the one wey you give me nko? I suck am, I spit the seed for back of bathroom. E don dey grow o!"

Wọ́n sáré dé ẹ̀yìn balùwẹ̀. Kókó ti hù nínú ẹrẹ̀, ewé wọn ń dán. Tèmítọ́lá kúnlẹ̀ sínú omi ìdọ̀tí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Wàhábì pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, kókó wa hù o!"

"Mo mọ̀ pé á hù. Ṣebí ìwọ lo mọ kókó jù nínú ilé wa."

Wàhábì wo Nneka. "Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ ló gbìn ín. Ṣe ló tu ú dànù."