Ọwọ́ Òsì Máyọ̀kún

Kò sí orí tí Máyọ̀kún kò lè fi kílípà gẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìbafò, ṣùgbọ́n abẹ, kò fọwọ́ kàn án rí. Ọ̀rọ̀ abẹ gan-an ni bàbá Bùkọ́lá, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, gbé kalẹ̀ nígbà tí Máyọ̀kún dé Ifọ̀ láti tọrọ ìyọ̀ǹda. Onígbàjámọ̀ ni bàbá yìí, Bàbá Ògúnkànmí. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí ó ti ń fárí, bí kò bá lé.

“Ẹni tí yóò fẹ́ ọmọ mi, á kọ́kọ́ fá irùngbọ̀n mi,” ni bàbá náà wí. “Bí ẹ̀jẹ̀ bá kán, máa lọ sílé ìyá rẹ. Ṣùgbọ́n màá kọ́ ọ ná, kí o má baà ní mo rẹ́ ọ jẹ.”

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Máyọ̀kún dọ̀bálẹ̀, ó gbà.

Bàbá da omi sórí òkúta tí ó fi ń pọ́n abẹ, ó tẹ́ abẹ lé e, ó ń tì í lọ, ó ń fà á bọ̀. “Lórí òkúta, ojú abẹ ló ń ṣíwájú. Lórí awọ tí a fi ń dán an ńkọ́? Ẹ̀yìn rẹ̀ ni. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́, sà.”

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí ó rántí. Eku ti jẹ awọ tí bàbá fi ń tún abẹ ṣe, nítorí náà Máyọ̀kún bọ́ bẹ́líìtì tirẹ̀, ó fi kọ́ ìṣó ara ilẹ̀kùn, ó fà á le, ó sì ti ojú abẹ ṣíwájú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Bẹ́líìtì já sí méjì bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n.

“Háà! Bẹ́líìtì tí mo rà fún un!” ni Bùkọ́lá kígbe láti ojú fèrèsé.

“Abẹ kúkú mú,” ni bàbá wí. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe, ó fi ọṣẹ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó jókòó. “Ó yá.”

Wàhálà dé. Ṣòkòtò tí Máyọ̀kún yá wọ̀ gba ènìyàn méjì. Ó fi ọwọ́ òsì gbá a mú, ó fi ọ̀tún gbé abẹ.

“Ọwọ́ kejì dà?” ni bàbá bi í. “Èmi tí ara mi ti hunjọ báyìí! Bí o kò bá fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi le, abẹ á gé mi.”

“Ẹ má bínú sà, ó... ó wà lẹ́nu iṣẹ́.”

“Iṣẹ́ wo?”

Máyọ̀kún wo abẹ, ó wo fèrèsé. Ìtìjú yóò tán lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá kán, Bùkọ́lá lọ nìyẹn. Ó fi ṣòkòtò sílẹ̀, ó fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá le. Ṣòkòtò balẹ̀ wọ̀ọ̀. Bùkọ́lá sá kúrò lójú fèrèsé, ẹ̀rín fẹ́ pa á. Máyọ̀kún kò wòkè, kò wolẹ̀. Abẹ ń yọ̀ lọ wẹ́rẹ́ láti ẹ̀bá etí dé àgbọ̀n, títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì fi ń dán.

Bàbá fọwọ́ pa ojú. Kò sí ẹ̀jẹ̀. Ó wá wo ilẹ̀, ó tún wo ojú ọmọkùnrin náà.

“Ọwọ́ tí kò gbọ̀n nínú irú èyí,” ni ó wí, “kí ni yóò tún mú un gbọ̀n? Bùkọ́lá! Pe ìyá rẹ wá kí ọkọ rẹ.”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà,” ni Máyọ̀kún bẹ̀bẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, “ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fà á sókè ná.”