Ẹ̀wù Tí A Wọ̀ fún Súpáfáísọ̀ Nítorí Àrá

Ajá bàbá mi àgbà ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, àrá sì ni ohun kan ṣoṣo tó ń bà á lẹ́rù láyé. Kò bẹ̀rù olè, kò bẹ̀rù mọ́tò. Bàbá ní ìgbà kan wà tí ó dúró síwájú tírélà kan, tó ń wo dẹ́rẹ́bà náà lójú títí ìyẹn fi fi ẹ̀yìn rìn padà. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti ṣú, tí ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n láti etí dé ìrù, á sì máa wá ibi tí yóò kó ara rẹ̀ pamọ́ sí.

Súpáfáísọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni òun àti Bàbá fi ṣọ́ géètì ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Ìkẹjà, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì jọ fẹ̀yìn tì. Wọ́n fún Bàbá ní aago ara ògiri. Wọ́n fún Súpáfáísọ̀ ní páálí bísíkíìtì fífọ́ kan. Àwọn òṣìṣẹ́ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí pé ó máa ń rìn káàkiri láàárín wọn láìṣe nǹkan kan, á sì máa wo gbogbo ènìyàn bí ẹni pé wọ́n ti jẹ̀bi.

Inú ilé Àlàájà Sìlífátù, lẹ́yìn Dópémù, ni èmi àti Bàbá ń gbé. Ọmọ onílẹ̀ ni Àlàájà. Orí ilẹ̀ tí bàbá bàbá rẹ̀ ti gbin ẹ̀gẹ́ ni ilé náà wà, kò sì sí ayálégbé kankan tí kò tíì gbọ́ ìtàn ẹ̀gẹ́ yẹn tó ìgbà mẹ́wàá.

Ní Àlàmísì tó kọjá, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, mo ń bọ́ bàtà lọ́wọ́, nígbà tí àrá sán. Súpáfáísọ̀ fò yọ lábẹ́ àga, ó gba àárín ẹsẹ̀ mi kọjá, ó di ọ̀dẹ̀dẹ̀. Yàrá mẹ́jọ ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Yàtọ̀ sí tiwa, ilẹ̀kùn mẹ́fà wà ní títì. Ìkẹjọ ni ti Àlàájà, Àlàájà sì ń kírun Àsárì lọ́wọ́. Ó forí kanlẹ̀. Nígbà tí yóò fi gbé orí sókè, ajá ti wà lórí ẹní ìkírun rẹ̀, ó ti imú bọ abẹ́ apá rẹ̀.

Mo gbọ́ igbe kan tí kò sí nínú ìrun kankan.

Àlàájà fọ ẹní náà lẹ́ẹ̀méje bí ẹ̀sìn ṣe ní kí a fọ ohun tí ajá bá kàn, ó fi iyẹ̀pẹ̀ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú rẹ̀, ó tún ìrun rẹ̀ kí. Lẹ́yìn náà ló ránṣẹ́ pè wá.

"Bàbá Àbúdù," ó wí fún bàbá mi àgbà, "ẹ mọ̀ pé mo bọ̀wọ̀ fún yín."

"Mo mọ̀, Àlàájà. Ẹ má bínú."

"N ò bínú. Òjò kan ṣoṣo ló kù. Bí àrá bá tún sán, tí ajá yẹn tún fi ẹsẹ̀ kan tẹ yàrá mi, kí ẹ gbé e lọ sí ìlú yín ní Ògbómọ̀ṣọ́."

"Kò mọ ẹnì kankan ní Ògbómọ̀ṣọ́, Àlàájà. Ìsọ̀lọ̀ ni wọ́n bí i sí."

"Ẹ fi wọ́n hàn án. Wọ́n á mọ ara wọn."

Bàbá kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ajá jókòó sílẹ̀, àwọn méjèèjì ń wo ògiri kan náà. Nígbà tó yá, ó ní, "Fàúsá, bí ó bá lọ, ta ni màá máa kí ní 'ẹ kú iṣẹ́' láàárọ̀?"

Òtítọ́ ni pé ó máa ń kí i bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, tí ajá náà á sì mi orí.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá oògùn ẹ̀rù nìyẹn, kí òjò mìíràn tó dé. Màmá Precious tó wà ní yàrá kẹta ní ká fi òwú dí i létí. A fi òwú dí i létí. Ó yọ òwú náà, ó jẹ ẹ́. Èmi ní ká máa kọrin fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Mo kọ orin kan tán, ó dìde, ó jáde. Bàbá ní kí a máa tan rédíò sókè kó má baà gbọ́ àrá. Ìròyìn ló bọ́ sí. Súpáfáísọ̀ gbé etí sílẹ̀ gbọ́ ìròyìn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìgbọ̀n rẹ̀ sì tún pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Bọ̀dá Nùréènì, tí òun náà ń gbé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ló wá sọ ọ̀rọ̀ tó yí gbogbo nǹkan padà. Wẹ́dà tó ń fi iná jó irin pọ̀ ni, ó sì gbà pé kò sí ohun tí òun kò mọ̀ nípa iná, ìbáà jẹ́ ti ilẹ̀ ìbáà jẹ́ ti òkè. Ó kúnlẹ̀ síwájú ajá náà ní òwúrọ̀ Sátidé, ó wò ó yíká.

"Ẹ̀yin ò wo àwọ̀ rẹ̀ ni?" ó ní. "Ajá pupa rèé! Bàbá, ẹ ti rí ẹni tó wọ aṣọ pupa jáde nígbà tí àrá ń sán rí?"

"N ò rí i rí," ni Bàbá dáhùn.

"Bí òjò bá ti ṣú, màmá mi á bo dígí, á sì ká gbogbo aṣọ pupa kúrò lórí okùn. Ajá yìí náà mọ̀ pé òun pupa. Ó mọ̀ pé òun ni àrá ń wá. Ẹ̀yin ń kọrin fún un!"

"Bọ̀dá Nùréènì," mo ní, "báwo ni ajá ṣe máa mọ àwọ̀ ara rẹ̀?"

"Ìwọ ńkọ́, ta ló sọ tìẹ fún ọ?"

Ó wù mí kí n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rántí pé èmi náà ni mo fi ìró bo dígí wa ní Àlàmísì yẹn kí n tó sáré tẹ̀lé ajá.

"Kí la máa wá ṣe?" ni Bàbá bi í.

"Ẹ bò ó. Ẹ wọ nǹkan tí kò pupa fún un. Àrá á wò ó títí, kò ní mọ̀ ọ́n."

Bàbá fa àpótí kan yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó mú ẹ̀wù yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ jáde níbẹ̀, ẹ̀wù mẹ́gáàdì aláwọ̀ sánmà tó ní àpò méjì láyà. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́, ó sì ti ká a síbẹ̀ láti ọjọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ó gbé e sí imú, ó ní òórùn bísíkíìtì ṣì wà lára rẹ̀. Mo gbóòórùn rẹ̀. Káńfò nìkan ni mo gbọ́, ṣùgbọ́n n ò sọ fún un.

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, Àlàájà lọ sí ìsọmọlórúkọ kan ní Ìfàkò. Ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́ta lù nígbà tí òjò ṣú. Ìkùukùu ti ọ̀nà Ìkẹjà dìde bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó gba orí páànù àwọn ilé iṣẹ́ kọjá, ó ń ká èéfín wọn mọ́ra bí ìyá tó ń ká aṣọ ọmọ rẹ̀ kúrò lórí okùn. Ó rẹwà lójú mi. Kò rẹwà lójú Súpáfáísọ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, eyín rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó kù ń lu ara wọn.

"Ẹ̀wù! Ẹ̀wù!" ni Bàbá ń pariwo.

Bọ̀dá Nùréènì di ìbàdí ajá mú, èmi ki ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì bọ apá ẹ̀wù, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í de bọ́tìnnì lábẹ́ ikùn. Mo fi okùn di ibi tó gùn jù ú lọ nínú ẹ̀wù náà mọ́ ọn ní ìdí. A ṣẹ̀ṣẹ̀ de bọ́tìnnì ọrùn tán ni àrá sán, àrá ńlá, tí àwo wa mì lórí tábìlì.

Èmi ti lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà kí ó má baà ráyè sá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n Súpáfáísọ̀ kò sá. Ó yí imú sí kọ́là ẹ̀wù náà, ó gbóòórùn rẹ̀ lọ́tùn-ún, ó gbóòórùn rẹ̀ lósì. Ìgbọ̀n rẹ̀ dín kù. Ó na ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni pé mo ti jẹ̀bi, mo sì yà fún un láìmọ ìdí. Ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, kò yíjú sí yàrá Àlàájà, ó ń rìn bí ẹni tí kò sí ohun tó ń lé e. Nígbà tó dé géètì iwájú ilé, ó jókòó sábẹ́ páànù kékeré tó wà níbẹ̀, ó kọjú sí títì.

"Ó ti wọlé iṣẹ́," ni Bàbá wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Àrá tún sán. Súpáfáísọ̀ gbójú sókè, ó gbó lẹ́ẹ̀kan péré, bí ọ̀gá tó ń bá òṣìṣẹ́ tó pẹ́ dé wí.

"Mo ní kí ni?" Bọ̀dá Nùréènì ń fò sókè. "Mo ní kí ni? Àwọ̀ ni! Àwọ̀ ni!"

Inú wa dùn débi pé a kò kọ́kọ́ rí kẹ̀kẹ́ tó dúró síwájú ilé. Àlàájà sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀, ó ṣí agboòrùn, ó gbá báàgì rẹ̀ mọ́ àyà. Ó dé géètì. Súpáfáísọ̀ dìde dúró sí ojú ọ̀nà. Àlàájà yà sọ́tùn-ún, ajá yà sọ́tùn-ún. Àlàájà yà sósì, ajá yà sósì.

"Ẹ wá gbé ajá yín! Òjò ń pa mí! Àwọ̀tẹ́lẹ̀ ta lẹ wọ̀ fún un yìí?"

"Súpáfáísọ̀, yà fún wọn!" ni Bàbá kígbe.

Ajá náà kò tilẹ̀ wò ó. Bàbá kò wọ yunifọ́ọ̀mù. Òun ló wọ̀ ọ́.

Bàbá fọwọ́ nu ojú. "Àlàájà, ẹ má bínú. Ṣẹ́ẹ̀kì ló fẹ́ ṣe. Níbi iṣẹ́ wa, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá ní géètì láìṣí báàgì rẹ̀ nílẹ̀. Ẹ ṣí i, kí ẹ wá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, á yà fún yín. Àwọn tó ń jáde la máa ń ṣe é fún o, kì í ṣe àwọn tó ń wọlé, ṣùgbọ́n ó ti darúgbó, kò rántí ìyàtọ̀ mọ́."

"Èmi! Kí ajá yẹ báàgì mi wò! Nínú ilẹ̀ tí bàbá bàbá mi gbin ẹ̀gẹ́ sí!"

Afẹ́fẹ́ gba agboòrùn náà, ó yí i padà bí abọ́. Omi ya lu Àlàájà láti orí. Gbogbo ayálégbé ti jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ báyìí, Màmá Precious gbé ọmọ pọ̀n, ó ń wòran. Àlàájà wo ajá, ó wo òjò. Ó gbé báàgì kalẹ̀ sábẹ́ páànù, ó ṣí i, ó sì gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè.

Súpáfáísọ̀ ti orí bọ báàgì. Ó fi eyín mẹ́rin fa ọ̀rá kan jáde. Kéèkì ló wà nínú rẹ̀, ègé ńlá mẹ́ta, pẹ̀lú súgà funfun tó nípọn lórí. Ìgò mọ́òtì kan yí tẹ̀lé e jáde.

Láti ìgbà tí dókítà ti ní kí Àlàájà jáwọ́ nínú ohun dídùn, kò sí ọjọ́ kan tí kò ní sọ fún wa pé súgà kò kan ẹnu òun mọ́. Ó ti bá Màmá Precious wí nítorí súgà inú ògì. Ó ti gba mínírà lọ́wọ́ èmi alára, ó ní òun ń gba ẹ̀mí mi là.

"Àlàájà," ni Màmá Precious bẹ̀rẹ̀, "ṣé kì í ṣe kéèkì ni mo…"

"Kí lẹ ń wò?" ni Àlàájà jágbe, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè. "Ti ajá ni! Ajá ni mo gbé e bọ̀ fún! Ajá arúgbó, tí àrá ń bà lẹ́rù, gbogbo yín ń wọ ẹ̀wù fún un. Ta ló ro ti ẹnu rẹ̀ nínú yín? Èmi nìkan ni!"

Mo wo Bàbá bóyá ó máa rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbà á gbọ́ látòkèdélẹ̀. Omi lé ròrò lójú rẹ̀.

"Àlàájà," ó ní, "Ọlọ́run Ọba á san án fún yín. N ò mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀ tó báyìí."

Lójú ẹsẹ̀ ló tú ọ̀rá náà, ó ń bu kéèkì fún ajá. Ojú Àlàájà ń tẹ̀lé gbogbo òkèlè láti ọwọ́ Bàbá dé ẹnu Súpáfáísọ̀.

"Ẹ má fún un tán," ó ní. "Ó… ó lè dà á nínú rú."

"Kò lè dà á nínú rú. Ohun tí a bá fi ìfẹ́ gbé wá kì í dani nínú rú."

Nígbà tí kéèkì tán, ajá náà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àlàájà sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó wọlé, omi ń kán lára rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ nígbà tí Bàbá pè é, ohùn rẹ̀ kò lágbára rárá.

"Àlàájà. Ọ̀rọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn ńkọ́?"

Àlàájà dúró. Ó wo Màmá Precious, ó wo Bọ̀dá Nùréènì, ó wò mí.

"Ògbómọ̀ṣọ́ wo?" ó ní. "Ajá tí mo gbé kéèkì wá fún láti Ìfàkò? Ṣé màá bọ́ ọ yó tán ni kí n tún wá lé e? Àbí ó wọ yàrá mi? Kò wọ̀ ọ́. Èmi gan-an ni kò jẹ́ kí n wọlé!" Ó nawọ́ sí báàgì. "Ẹ fọ èyí fún mi lẹ́ẹ̀méje. Kí Nùréènì fọ̀ ọ́. Òun ló ní kí ajá wọṣọ."

Ó ti ilẹ̀kùn. Bàbá kúnlẹ̀ sínú omi, ó gbá Súpáfáísọ̀ mọ́ra pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú iṣẹ́ o." Ajá náà mi orí.

Òjò dá ní ìrọ̀lẹ́. Bàbá jẹ ẹ̀bà, ó ní kí n tún bù sí i. Èmi ń fọ àwo lẹ́yìn ilé nígbà tí mo gbọ́ tí ẹnì kan pe orúkọ mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láti ojú fèrèsé.

"Fàúsá."

"Mà?"

"Mọ́òtì kan yí jáde nínú báàgì yẹn. Ajá kì í mu mọ́òtì, àbí?"

Kí n tó lanu, ohùn Bàbá ti jáde láti inú yàrá wa, inú rẹ̀ dùn kọjá ààlà. "Àlàájà, ẹ fọkàn balẹ̀! Mo ti dà á sínú abọ́ fún un, ó ti lá a tán pátápátá!"

Àlàájà gbé iwájú orí lé irin fèrèsé.

"Ṣé ó gbádùn rẹ̀?" ó bi mí.

"Ó gbádùn rẹ̀ gan-an, mà."

"Ó dáa," ó ní, ó mí kanlẹ̀, ó sì rọra pa fèrèsé dé.