Ìsọ̀ Tí Wọ́n Tì Pa

Qonitah, obìnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ń se ọṣẹ dúdú ní Egan, ibi ìtajà kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló sì ti ń tà á. Láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún 2015, àwọn tó ni ibi ìtajà náà ti ìsọ̀ rẹ̀ pa. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n fi ránṣẹ́: "Ọjà yín tako òfin wa." Òfin wo? Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ló béèrè, gbólóhùn yẹn náà ni wọ́n ń dá padà.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, ó fi ìbínú wọ ọ́fíìsì wọn ní Ìpájà. Henry, akọ̀wé tó bá níbẹ̀, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"A ti kọ àlàyé sí yín, mà. Ó wà nínú ìsọ̀ yín."

"Ìsọ̀ tí ẹ tì pa? Ibo ni kí n gbà wọlé kà á?"

Qonitah fa àga kan, ó jókòó. "Ṣí i kí n rí i. Mi ò ní kúrò níbí."

Nígbà tí Henry ṣí i, ó ka àlàyé náà sókè. Wọ́n ní kò kọ ọjọ́ tó se ọṣẹ náà sára páálí tí wọ́n yẹ̀ wò. Qonitah yọ ọ̀kan nínú báàgì, ó dojú rẹ̀ délẹ̀. Ọjọ́ náà wà nídìí rẹ̀ gàdàgbà.

"Ẹ má bínú, mà. A máa ṣí i lónìí."

"Ẹ má ṣí i mọ́. Ẹ ò lè yí páálí wò, ẹ wá ń fi òfin halẹ̀ mọ́ mi. Yọ orúkọ mi kúrò jàre."

Kò dìde títí Henry fi yọ ọ́.