Ọjọ́ tí Ìyá Àgbà Wá Wo Vancouver

Lójú àlá náà, òkun kò pariwo. Ohun tó kọ́kọ́ ya Ìbídùnní lẹ́nu nìyẹn. Ó ń rí omi tó ń wá tó ń padà, ní etí òkun Vancouver tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti máa ń rìn kí ọmọ tó dé, ṣùgbọ́n kò gbọ́ nǹkan kan. Yìnyín wà lórí àwọn òkè tó wà lódìkejì omi bó ṣe máa ń wà, síbẹ̀ atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí i lójú jẹ́ ọyẹ́ Ìgbẹ́tì gan-an, tòun ti eruku àti òórùn àgbàdo sísun. Ewúrẹ́ méjì ń jẹko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń gbà. Àwọn òyìnbó orí kẹ̀kẹ́ ń yà fún wọn, wọ́n sì ń kí Ìbídùnní pé ẹ kú ìrìn o. Ìyẹn kò yà á lẹ́nu rárá. Ẹni tó ń lá àlá kì í bèèrè físà lọ́wọ́ ewúrẹ́.

Ìyá Àgbà jókòó lórí ọ̀kan nínú àwọn ìtì igi ńlá tí wọ́n tò sórí iyanrìn fún àwọn èèyàn láti máa fi ṣe àga. Ó ti bọ́ bàtà, ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ iyanrìn, ó ń wo omi bí ẹni ń wo ọmọ tó ń ṣeré. Ó pọn ọmọ sẹ́yìn.

Ìyá Àgbà yìí ló bí ìyá Ìbídùnní, òun náà ló sì tọ́ Ìbídùnní dàgbà n'Ígbẹ́tì. Ní àdúgbò wọn, kò sí ọmọ tuntun tí ọwọ́ rẹ̀ kò kàn. Òun ló ń wẹ̀ wọ́n, òun ló ń nà wọ́n lápá nà wọ́n lẹ́sẹ̀, òun ló sì ń kọ́kọ́ gbé wọn pọ̀n fún ìyá wọn. Nígbà tí Ìbídùnní lóyún, ìyá arúgbó gba físà, ó di ẹrù, ó ra kànìnkànìn tuntun, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kí i pé òun ń lọ wẹ ọmọ ní Kánádà, òun á sì rí òkun kí òun tó kú. Ìrìn àjò náà ku díẹ̀ ni ó sùn tí kò jí. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni Ìbídùnní bímọ láìtọ́jọ́, ọmọbìnrin kan tó kéré débi pé inú àpótí gíláàsì ni wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ nílé ìwòsàn.

Wọ́n pè láti ilé pé Yétúndé lorúkọ ọmọ, ìyá ti padà wá. Tẹbí tará ń yọ̀, Ìbídùnní nìkan ni kò lè yọ̀. Èrò tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé àgbàlagbà tó rìnrìn àjò wá, tó ti rí ohun tó fẹ́ rí, ilé ló ń padà lọ. Ọmọ ti kúrò nínú gíláàsì, ó ti dé ilé, ó ń sanra, dókítà ní kò séwu mọ́. Síbẹ̀ ìyá rẹ̀ kò tíì gbé e jáde lọ gba atẹ́gùn rí, kò sì tíì gbé e pọ̀n. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ pé ọmọbìnrin tó bá já bọ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ọkọ lórí ọkọ ni yóò máa kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ń tọ́jú ọmọ náà bí ẹni tó yá àwo aláwo, tó ń ṣọ́ra kó má fọ́ kí olúwa rẹ̀ tó dé.

“Àwẹ̀ró,” ni Ìyá Àgbà fi oríkì pè é láì bojú wẹ̀yìn. “O ò kí mi?”

Ìbídùnní kúnlẹ̀ lórí iyanrìn. “Ẹ kú àbọ̀, Màmá. Màmá, ọmọ ta lẹ pọ̀n yẹn?”

“Ọmọ ta lo rò pé n óò pọ̀n? Dìde jàre. Àlejò ni mí, mi ò sì ní pẹ́. Fi ìlú hàn mí.”

Wọ́n bá ń lọ ní ọ̀nà etí omi. Àwọn èèyàn ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ kéékèèké kọjá, ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ọkọ̀ tirẹ̀.

“Àwọn wọ̀nyí ò pẹja,” ni Ìyá Àgbà wí, “wọn ò sì gbé ẹnikẹ́ni sọdá. Kí ni wọ́n ń wá lórí omi?”

“Wọ́n ń gbafẹ́ ni, Màmá.”

“Nínú òtútù yìí? Inú wọn dùn ni.”

Àbùùbùtán kan yọ ẹ̀yìn lójú omi, ó tu omi sókè, ìyá arúgbó pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tí wọ́n dé ibi àwọn òpó gíga tí àwọn onílẹ̀, àwọn tó ti ń gbé ibẹ̀ kí òyìnbó tó dé, gbẹ́ ẹyẹ àti ẹranko sí lára, ó tẹ orúnkún ba díẹ̀. “Àwọn tó gbẹ́ èyí mọ ẹni tó bí wọn,” ló wí. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ọ̀rọ̀ òkè, kò gbà.

“Òkè yín yìí ga o. Kò kàn ga tó òkè Ìyámọ̀pó wa n'Ígbẹ́tì ni.”

“Màmá, ó ga jù ú lọ dáadáa.”

“Ìwọ lo wọ̀n ọ́n?”

Ìbídùnní rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú rẹ̀ kò kúrò lẹ́yìn ìyá arúgbó. “Màmá, ẹ ti rìn jìnnà. Ẹ jẹ́ n gbà á lọ́wọ́ yín.”

“Ṣé o máa gbé e pọ̀n?”

Ìbídùnní fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

“Ó dáa, jẹ́ kó wà níbi tó wà.”

Bí àlá ṣe máa ń ṣe, òkun kò sí mọ́. Inú igbó ni wọ́n wà, láàárín àwọn igi tí èèyàn ò lè rí òkè wọn, níwájú afárá olókùn tí àwọn arìnrìn-àjò máa ń wá gùn láti ọ̀nà jíjìn. Àfonífojì ló wà lábẹ́ rẹ̀, odò ń hó nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìbídùnní àti ọkọ rẹ̀ ti gun afárá yìí rí, wọ́n sì ń rí òdìkejì rẹ̀ kedere. Lónìí, ìkùukùu ti bò ó. Ọmọ Yorùbá ni Ìbídùnní, kò sẹ́ni tó ní láti túmọ̀ ìkùukùu yẹn fún un. Bí ará ọ̀run bá pe èèyàn lójú àlá, a kì í tẹ̀ lé e. Bó bá wá gbé ọmọ ẹni dání ńkọ́? Kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ parí èrò náà.

Ìyá Àgbà ti wà lórí afárá. Ó ń fì sọ́tùn-ún, ó ń fì sósì, kò sì di okùn kankan mú.

“Màmá, ẹ má gbé e lọ.”

Kò dúró. Nígbà tó dé àárín, Ìbídùnní náà gorí afárá, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì fa ara rẹ̀ lọ lórí okùn títí ó fi bá a. Ó di ìró ìyá arúgbó mú bó ti máa ń ṣe nígbà tó wà lọ́mọdé.

“Ẹ dákun. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni ọmọ náà. Mo mọ̀ pé ẹ kàn wá wò wá ni, ẹ sì ti rí òkun. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì lọ. Mo fẹ́ràn ọmọ yìí, Màmá. Ẹ̀rù ló ń bà mí láti sọ ọ́.” Ẹkún sì gbà á.

Ìyá Àgbà yíjú padà. Ó wò ó títí, ẹ̀rín bá bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín tó mi afárá.

“Gbogbo ìwé tí o kà yìí, Àwẹ̀ró. Bó bá jẹ́ èmi ni mo wà lẹ́yìn yìí, ta ló wá ń pọ̀n mí?”

Ìbídùnní wo ojú ìyá arúgbó, ó tún wo orí ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

“Èmi nìyí. Òun nìyẹn. Orúkọ náà dùn, ẹ máa pè é bẹ́ẹ̀, kò bí mi nínú. Ṣùgbọ́n ẹni ọ̀tọ̀ ni. Èmi ni mo rìnrìn àjò wá, tèmi á sì tán. Òun ò rìnrìn àjò kankan, ibí ni wọ́n bí i sí. Bẹ̀rẹ̀ jàre, ọmọ yìí wúwo, ẹ̀yìn ti ń dùn mí.”

Wúwo ló wí, ọmọ tí àwọn nọ́ọ̀sì ṣì ń gbé sórí òṣùwọ̀n bí ẹni ń wọn góòlù. Ìbídùnní bẹ̀rẹ̀ láàárín afárá. Ìyá Àgbà tú ọ̀já, ó gba abẹ́ apá fa ọmọ yọ, ó gbé e lé ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá a nídìí lẹ́ẹ̀kan bó ṣe ń ṣe fún gbogbo wọn n'Ígbẹ́tì. Ó ya ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ìbàdí ìyá, ó da aṣọ bò ó, ó so ọ̀já pinpin. Ó tún orí ọmọ náà ṣe kó lè mí dáadáa. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ti Ìyá Àgbà sì ti kọjá ọjà.

“Ó yá, fò.”

“Màmá?”

“Mo ní kí o fò.”

Ìbídùnní fò. Afárá mì jìgìjìgì, igi ń yí, ọmọ náà kò tilẹ̀ jí. Ó tún fò láìjẹ́ pé wọ́n rán an.

“Mo ti rí òkun,” ni Ìyá Àgbà wí. “Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n àjò ò lè dùn kí onílé má relé.” Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan Ìbídùnní lẹ́rẹ̀kẹ́, ó yípadà, ó sì wọ inú ìkùukùu lọ láìsí bàtà lẹ́sẹ̀. Ìbídùnní fẹ́ràn rẹ̀ débi pé àyà ń dùn ún, síbẹ̀ kò ṣe é bíi pé kó tẹ̀ lé e.

Igbe ọmọ ló jí i. Orí àga gbọọrọ ní pálọ̀ ló sùn sí, oòrùn ọ̀sán ń wọlé láti ojú fèrèsé, ọkọ rẹ̀, Ọláníyì, ń ro nǹkan lórí iná ní ilé ìdáná. Ìbídùnní sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rí i pé ẹ̀rù tó ti ń bá a jí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ kò sí níbẹ̀ mọ́. Àlá tí ajá bá lá, inú ajá ní ń gbé, nítorí náà kò pe Ọláníyì. Ó gbé ọmọ, ó bẹ̀rẹ̀, ó gba abẹ́ apá fà á sẹ́yìn, ó da aṣọ bò ó, ó sì fi ìró so ó.

Ọláníyì jáde tòun ti ṣíbí lọ́wọ́. Ó dúró sójú kan.

“Ìbídùn, o gbé e pọ̀n.”

“Ó ń sunkún ni.”

Inú ọkùnrin náà dùn débi pé kò mọ ibi tó máa gbé ṣíbí sí. Ó ní kí wọ́n jáde lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n mú ọmọ lọ sí etí òkun, kí wọ́n mú un gun òkè, kí wọ́n dé ibi àwọn òpó, kí wọ́n dé ibi afárá, kí ọmọ rí gbogbo ìlú lónìí. Ó ti ń wá fóònù tó máa fi ya àwòrán.

Ìbídùnní ti ń wọ bàtà. “Ṣebí àlùbọ́sà ti tán nílé?”

“Àlùbọ́sà?”

“Ibi tí a ti ń rà á ni kí á kọ́kọ́ mú un lọ. Òkun ò lọ síbì kankan, Níyì. Àlejò ló ń fi ọjọ́ kan wo ìlú tán.”