Opó Abẹ́ Òpó

Láyé ìjọba ológun ni wọ́n gbé òpó tẹlifíṣọ̀n dúró ní Atíkórí. Irin onígun mẹ́ta ni, ó ga fíofío, ó tún tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì lè dá dúró rárá àfi bí wáyà bá fà á mú lọ́tùn-ún, lósì àti lẹ́yìn. Ẹ̀yìnkùlé Àìná ni wọ́n ti so ọ̀kan nínú wáyà náà mọ́ kọnkéré. Zechariah, ọkọ rẹ̀, ló máa ń gun òpó náà lọ pààrọ̀ iná pupa tó wà lórí rẹ̀, títí ọjọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ nínú òjò, tó já lulẹ̀, tí ọpọlọ rẹ̀ fọ́n sára ògiri. Àìná ló fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́ kúrò.

Níbi ìsìnkú, Gbénró, àbúrò olóògbé, na ìka sí Àìná lójú àlùfáà. “Ìwọ lo rán an gòkè nínú òjò! Wàá kúrò nílé yìí!” Láti ọjọ́ náà, Àìná kì í sùn láì fi àdá sábẹ́ ìrọ̀rí. Ilé yẹn nìkan ló kù fún un láyé, ó sì ti búra pé òkú òun ni wọ́n máa gbé jáde níbẹ̀.

Nígbà tí díìṣì wọ̀lú, òpó ò wúlò mọ́. Àwọn tó ni ín fẹ́ gé e lulẹ̀, wọ́n sì rán ẹnì kan wá fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri Àìná: OPO YII GBODO KURO LOSE YII. Ọ̀lẹ burúkú ni ẹni yẹn! Ọ̀dà tó kù nínú korobá rẹ̀ ì bá tó fi àmì ohùn sí i.

Àìná ti oko dé, ó kà á. “Kí rèé? Gbénró ló ṣe èyí!” Ó jókòó, ó pọ́n àdá.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọkọ̀ ńlá kan dúró lójúde. Àwọn géńdé bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ayùn irin. Gbénró ṣáájú wọn, ó ń sáré bọ̀, ó ń pariwo: “Jáde! Jáde nínú ilé yẹn kíákíá!”

Àìná jáde lóòótọ́, àdá lọ́wọ́. Kò bèèrè nǹkan kan. Gbénró gbé ọwọ́ sókè, àdá gé ìka rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Àìná tún ṣá a, èyí wọ ìdí ọrùn, ẹ̀jẹ̀ tú jáde lu ògiri. “Ta ló máa kúrò? Ta ló máa kúrò?” ló ń wí, ó sì ń ṣá a lọ títí àwọn géńdé fi gba àdá lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn fọwọ́ lérí. “Màmá, kí ló ṣe yín? Ó ní ká má tíì gé wáyà, kí òun kọ́kọ́ mú yín jáde, kí irin má baà wó lù yín.”

“Wọ́n kọ ọ́ sí ògiri mi pé kí opó kúrò.”

“Òpó, Màmá! Òpó tẹlifíṣọ̀n!”

Àìná yíjú sí ògiri, ó tún un kà. Bó ti wù kó kà á tó, ara rẹ̀ ló ń rí níbẹ̀. Láti ìgbà tí Zechariah ti kú, kò sẹ́ni tó pè é ní Àìná mọ́: opó ni lọ́jà, opó ni ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀rù bà á, ojú tì í, ó kúnlẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, ó tú ìró rẹ̀ fi dí ọrùn Gbénró. Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń gba àárín ìka Àìná jáde.

Gbénró lajú.

“Àìná,” ló wí.

Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́.