Àga Tí Mo Fi Téèpù Ìránṣọ Wọ̀n

Télọ̀ ni mí láti ọdún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn. Iṣẹ́ igi kàn wù mí ni. Lẹ́yìn ilé mi, lábẹ́ páànù, mo ní ayùn méjì, ìfági kan, òòlù kan, àti tábìlì tí lẹ́búlẹ́bú igi ti bò. Ibẹ̀ ni mo ti kan bẹ́ǹṣì kan, àti àpótí kan tó jẹ́ pé ìgbà tó bá wù ú ló máa ń ṣí. Mo fẹ́ràn wọn bí ọmọ, kí ẹlẹ́nu máa sọ tirẹ̀.

Ní oṣù méjì sẹ́yìn, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ Màámi lẹ́nu. Tí wọ́n bá ti jókòó sínú àga tìmùtìmù pálọ̀ wa, ó di kí èmi fa ọwọ́ ọ̀tún, kí àbúrò mi obìnrin fa ọwọ́ òsì, kí wọ́n tó lè dìde. Lọ́jọ́ kan, wọ́n já ọwọ́ wọn gbà.

"Ó tó gẹ́ẹ́! Ẹ ò ní máa fà mí bí àpò sìmẹ́ǹtì."

Láti ọjọ́ náà, orí ibùsùn ni wọ́n ti ń jẹun. Ìdí tábìlì wá dá páropáro, nítorí Màámi ló máa ń pa wá lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ó dùn mí dọ́kàn. Mo pinnu pé n ó kan àga kan tí wọ́n á lè dá dìde lórí rẹ̀, kí wọ́n lè padà sáàárín wa.

Mo mú téèpù tí mo fi ń ránṣọ, mo wọ yàrá lọ bá wọn.

"Màámi, mo fẹ́ wọn ẹsẹ̀ yín. Àga ni mo fẹ́ fi igi kàn fún yín."

Kíá ni wọ́n fa ẹsẹ̀ wọn sábẹ́ aṣọ ìbora.

"Arúgbó tí wọ́n wá wọ̀n lórí ibùsùn, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ kan igi fún, ṣé àga ni wọ́n ń kàn fún un? Mi ò tíì fẹ́ lọ síbì kankan. Gbé téèpù ẹ jáde!"

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi fara ti ògiri, ṣùgbọ́n àwọn ò rẹ́rìn-ín. Bí Màámi bá sì ti ní rárá, ó parí nìyẹn.

Ọ̀nà kan ò wọjà. Àbúrò mi jọ Màámi bí ìmumu: bí wọ́n ṣe ga tó, bí ẹsẹ̀ wọn ṣe gùn tó, títí dórí bí wọ́n ṣe ń bú mi. Nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, mo ní kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Bùọ̀dá, ṣé kí n bọ́ bàtà?"

"Fi bàtà ẹ sílẹ̀! Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

Inú bí mi lóòótọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti ń rán ṣòkòtò, mi ò wọn ẹsẹ̀ oníbàárà tí kò wọ bàtà rí. Ẹni tó bá dán an wò, ṣòkòtò á fò sókè lẹ́sẹ̀ oníbàárà rẹ̀. Àbúrò mi wo bàtà rẹ̀, ó wò mí, ó gbé ẹsẹ̀ kalẹ̀ kí n wọ̀n ọ́n.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kan àga náà. Mo fi sáńpépà ha apá rẹ̀ títí ó fi dán, débi pé bí eṣinṣin bá bà lé e, á yọ̀ ṣubú. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, a bẹ Màámi, a dì wọ́n lọ́wọ́ mú wá sí pálọ̀. Wọ́n jókòó. Ẹsẹ̀ wọn ò kanlẹ̀.

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu àbúrò mi.

"Bùọ̀dá, bàtà gogoro tí mo wọ̀ lọ́jọ́ yẹn lẹ wọ̀n pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ mi!"

Ojú gbà mí tì. Mo ti wọn àga bí ẹni pé àga náà fẹ́ wọ bàtà lọ síbi iṣẹ́. Màámi ń fi ẹsẹ̀ wọn síwá sẹ́yìn.

"Ìgbà tí ẹsẹ̀ mi rọ̀ dirodiro báyìí kẹ́yìn, eyín mi ò tíì pé lẹ́nu."

Mo sáré mú ayùn wá. "Màámi, ẹ fún mi lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kí a gbé yín dìde, kí n gé ẹsẹ̀ àga yìí kúrú."

Wọ́n gbá ọwọ́ mi dànù. Wọ́n di apá àga mú, wọ́n sún síwájú díẹ̀, ẹsẹ̀ wọn kanlẹ̀, wọ́n sì dìde. Ẹnikẹ́ni ò fà wọ́n. Àga gíga yẹn ti bá wọn dìde dé ìdajì kí àwọn fúnra wọn tó bẹ̀rẹ̀.

Màámi ń wo ẹsẹ̀ wọn bí ẹni pé wọ́n yá a ni. Wọ́n padà jókòó, wọ́n tún dìde. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sókè, àbúrò mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Mo bú sẹ́kún ayọ̀, mi ò fi bò rárá.

"Bó o bá fi ayùn kan ẹsẹ̀ àga yìí," Màámi wí, "ìwọ gan-an ni n ó gé kúrú."

Ìdí tábìlì ni wọ́n ti jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, èmi ni wọ́n sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tí a jẹun tán, wọ́n ní ó ku àpótí kékeré kan tí àwọn á máa gbé ẹsẹ̀ lé. Wọ́n bọ́ sálúbàtà wọn, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì sí mi.

"Ó yá, mú téèpù ẹ wá. Wá wọ̀n mí."